Ogójì Akàn nínú Àpótí Bàbá Gíláàsì

Ọ̀rọ̀ akàn ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí a jọ mọ ibi tí a dúró sí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan ò ní pè mí lórí fóònù pé ọbẹ̀dò ti bo àpótí gíláàsì tí òun ń sin ẹja sí, kí n bá òun wá akàn tí yóò jẹ ẹ́ kúrò. Wọn kì í béèrè ohun tó fà á. Wọn kì í tilẹ̀ kí mi dáadáa. Akàn ṣáá, akàn ṣáá. Àwọn mìíràn á pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ Accra níbí ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n mọ̀ pé àwọn apẹja Gà kì í lọ sókun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ta ni wọ́n fẹ́ kó bọ́ sínú òkun lọ mú akàn fún wọn? Èmi tí orúnkún ń dùn?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wá bá mi ní Alajo níbí, tí ẹ ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ẹja inú gíláàsì ṣeé kọ́, màá sọ tèmi fún yín. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi ṣe é. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán tí ẹ ṣì fẹ́ ẹ, ó di ọwọ́ yín.

Cow Lane, ní Accra níbí, ni wọ́n bí mi sí. Ìnísà ni bàbá mi ti wá, ó ń ta fìlà àti tẹ̀sùbáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Èmi fẹ́ di fítà, kí n máa tún mọ́tò ṣe, kí epo mọ́tò yí mi láṣọ, kí àwọn èèyàn máa pè mí ní ọ̀gá. Bàbá mi ní rárá. Ó mú mi lọ sí ọjà Okaishie lọ́dọ̀ ará ìlú rẹ̀ kan tó ń gé gíláàsì fèrèsé àti dígí. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bàbá mi bá tirẹ̀ lọ, mo di ọmọ iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn, kò sí ìtàn nínú ẹ̀.

Orúkọ tí gbogbo Okaishie mọ ọ̀gá mi sí ni Bàbá Gíláàsì. Gíláàsì gígé ló kọ́kọ́ ń ṣe, kó tó di pé ọkùnrin kan tó ní hòtẹ́ẹ̀lì ní kó bá òun ṣe àpótí tí ẹja yóò máa gbé inú rẹ̀. Ó ṣe é, omi ń jò. Ó tún un ṣe, ó tún ń jò. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó dúró, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹja ti wọ ọkùnrin yìí lára. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kúrò lórí ẹja odò, ó ti bọ́ sórí ti òkun: àpótí kékeré tí wọ́n to òkúta òkun sí, tí iyùn tó ṣì ní ẹ̀mí ń ṣí bí òdòdó lára òkúta náà, tí ẹja aláwọ̀ ọsàn méjì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ó rẹwà. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó rẹwà ju ohunkóhun tí mo ti rí ní Cow Lane lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà le. Odidi oṣù mẹ́jọ ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohun tí a fi ń gé gíláàsì. Láàárọ̀ màá gbálẹ̀, màá nu gbogbo àpótí, lẹ́yìn náà yóò ní kí n jókòó síwájú ọ̀kan kí n máa wò ó. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá, á dé ẹ̀yìn mi, á béèrè ohun tó yàtọ̀ sí ti àná. Bí mo bá ní kò sí, mi ò ní jẹun. Òórùn kẹ́nkẹ́ àti ẹja díndín á máa fẹ́ sí mi nímú láti òdìkejì títì, èmi á ṣì jókòó tí mò ń wá ìyàtọ̀. Nígbà mìíràn, ìgbín òkun kan ló kúrò lórí òkúta kan bọ́ sórí òmíràn. Ìgbín kan péré! Inú máa ń bí mi débi pé màá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kúburá, ló máa ń yọ́ gbé oúnjẹ fún mi lẹ́yìn ilé. Á ní kí n jẹ ẹ́ kíá, pé ọkọ òun rò pé gbogbo ẹ̀dá ló lè fi omi yó. Ọdún méje tí mo fi wà lọ́dọ̀ wọn, mi ò rántí ọjọ́ kan tí obìnrin yìí jẹ́ kí ebi pa mí sùn.

Omi náà ńkọ́? Ọ̀gá mi kì í gba omi òkun ìtòsí Jamestown, ó ní ìdọ̀tí ìlú wà nínú ẹ̀. Kokrobite la ti ń pọn ọ́n, nínú garawa kẹrosíìnì tí a fi ọṣẹ fọ̀ títí ọwọ́ fi bó. Lọ́jọ́ kan ọ̀lẹ mú mi. Mo pọn ti ìtòsí, mo lọ jókòó sábẹ́ igi kan, mo wá dé ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tó ti rìn jìnnà. Ó fi ìka kan omi náà, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Kò nà mí. Ó kàn ní kí n gbé garawa méjèèjì sínú ọkọ̀ trotro, kí n lọ sí Kokrobite lójú ẹsẹ̀. Mẹ́ètì tó ń gbowó nínú ọkọ̀ náà bú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó pè mí ní Alata bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ Yorùbá, ó ní kí ni mò ń fi omi iyọ̀ ṣe, ṣé gbogbo Nàìjíríà ló fẹ́ se ọbẹ̀ fún ni. Ẹ̀bi mi ṣáà ni.

A ti dé ibi akàn báyìí. Ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í nìyí. Bí oúnjẹ ẹja bá ń ṣẹ́kù nínú àpótí kékeré, tí iná sì mọ́lẹ̀ sí i, ọbẹ̀dò yóò hù. Á bẹ̀rẹ̀ bí irun orí ọmọ tuntun lára òkúta. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì á ti bo iyùn mọ́lẹ̀, iyùn á sì kú. Akàn kan wá wà, kékeré báyìí, tó ń gbé inú ìkarahun ìgbín òkun tó ti kú. Ayálégbé là ń pè é níbi iṣẹ́ wa. Apẹja kan ní Chorkor, Ataa Tetteh, ló kọ́ mi bí a ṣe ń ṣà á láàárín òkúta nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Ó ní kí n máa wo ọwọ́ rẹ̀: èyí tí orí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ bí ṣíbí, ewé ló ń họ jẹ, èyí tí tirẹ̀ mú ṣóńṣó, ẹran ló ń wá. Ó tún ní kí n máa ṣa ìkarahun òfìfo dání, nítorí bí ayálégbé bá dàgbà tí kò rí ilé tó gbà á, yóò pa ìgbín tó wà láàyè kó lè gba tirẹ̀. Onílé burúkú nìkan kọ́ ló wà láyé.

Ọ̀gá mi gbà kí á lo akàn, ṣùgbọ́n ó ní òfin. Mẹ́ta, bó pọ̀ tán mẹ́rin, ló gbà fún àpótí kékeré. Kí o sì tó wá akàn rárá, kọ́kọ́ wá ọwọ́ tó ń bọ́ ọbẹ̀dò. Ó ní akàn á jẹ ọbẹ̀dò, á yàgbẹ́ sínú omi kan náà, ìgbẹ́ yẹn á sì tún hu ọbẹ̀dò mìíràn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó ń fún ẹja lóúnjẹ jù ni kí o bá wí, kí o tó yọ akàn lẹ́nu.

Lẹ́yìn ọdún méje, ó gbà mí sílẹ̀, ó ṣàdúrà fún mi, èmi náà gba ṣọ́ọ̀bù. Mo gbéyàwó, mo bímọ, mo ń ti ilé dé ilé, láti hòtẹ́ẹ̀lì dé ọ́fíìsì oníṣègùn eyín, mo ń bá àwọn tí kò lè fọ àpótí fọ̀ ọ́. Irinṣẹ́ ń yí padà mọ́ mi lójú. Garawa lọ, gálọ́ọ̀nù oníke dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó iyọ̀ òkun wá nínú àpò láti ìlú òyìnbó, a ń pò ó mọ́ omi, ọ̀nà Kokrobite wá di ìtàn. Iná aláwọ̀ búlúù dé, tó ń mú kí iyùn tàn, tó sì ń mú kí ọbẹ̀dò hù ní ìlọ́po méjì. Dumsor dé, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, la bá ń ra bátìrì tí a ó fi máa fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, ìyẹn ló wá fẹ́ pa mí. Ẹni tó ra àpótí lánàá á gbé fóònù sí mi lójú pé wọ́n ní ogún akàn ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní. Mo bá wọn jiyàn títí ohùn mi fi há. Kò sí irú èèyàn tí mi ò bá wí ní Accra yìí, àti pásítọ̀, àti lọ́yà, àti dókítà. Mo sọ fún wọn lójúkojú pé wọ́n ń fún ẹja wọn lóúnjẹ jù. Ẹnìkan ṣoṣo ni mi ò lè sọ fún.

Nígbà tí ọ̀gá mi darúgbó, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ohùn sì lọ pátápátá. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, orí rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ ń ríran bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ilé rẹ̀ ní Alajo, lórí ibùsùn, ló máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Mo bá ṣe àpótí kékeré kan tó ń gba gálọ́ọ̀nù omi mẹ́ta, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà, mo fi iyùn mẹ́rin, ìgbín mẹ́fà àti ẹja aláwọ̀ ọsàn méjì sí i. Lọ́jọ́ tí mo tan iná rẹ̀, omijé bọ́ lójú ọ̀gá mi. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń dùn mọ́ ọn láyé nìyẹn.

Ìyá Kúburá ló ń tọ́jú rẹ̀, òun náà ló ń fún ẹja lóúnjẹ. Ẹ sì ti mọ irú obìnrin tó jẹ́. Kò sí ohun ẹlẹ́mìí tó lè wà nínú ilé rẹ̀ kó má yó. Láàárọ̀, ó fún wọn. Lọ́sàn-án, ó fún wọn. Bí àlejò bá dé, òun àti àlejò á jọ fún wọn. Ó tilẹ̀ ń fọ́ kẹ́nkẹ́ sí i. Kò pé oṣù kan, ọbẹ̀dò ti bo gíláàsì débi pé ọ̀gá mi ò rí ẹja rẹ̀ mọ́.

Mo mọ ohun tó fà á, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún obìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ mi fún ọdún méje pé ọwọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù? Mo gbìyànjú o. Mo ní, "Ìyá, ó jọ pé àwọn ẹja yìí ti ń sanra."

Ó ní, "Alihamdulilahi."

Ọ̀rọ̀ parí.

Ni mo bá lọ bá Ataa Tetteh, mo gba akàn mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ kan, gíláàsì mọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọbẹ̀dò tún dé. Mo fi mẹ́fà kún un. Ó mọ́, ó tún dé. Mo fi mẹ́wàá sí i, mo tún fi ogún lé e. Òfin tí mo fi ń pariwo mọ́ gbogbo ayé, mo ń rú u níwájú ẹni tó ṣe é, ó sì ń wò mí láti orí ibùsùn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ogójì akàn ló wà nínú àpótí náà. Ogójì! Ká ní ọmọ iṣẹ́ mi ló dán irú ẹ̀ wò, màá ti lé e lọ sílé bàbá rẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n Ìyá Kúburá kú ní Ìnísà, ó sì di dandan kó lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọbìnrin kan nínú ẹbí wọn, Sìdíkátù, ló wá dúró ti Bàbá. Òun kéré sí mi, nítorí náà ẹnu mi mú. Mo ní ohun tí ìka méjì bá lè mú ni kó máa fún àwọn ẹja náà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn. Mo ní omi yóò sinmi wàyí. Mo bá iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan lọ sí Takoradi.

Ohun tí èmi ọ̀gá oníṣẹ́ gbàgbé rèé: ọbẹ̀dò nìkan kọ́ ni ogójì akàn yẹn ń jẹ. Èérún ọwọ́ Ìyá ló ń bọ́ wọn. Bí ọwọ́ náà ti dá, wọ́n jẹ ọbẹ̀dò tó kù tán láàárín ọjọ́ díẹ̀, ebi sì dé. Wọ́n pa àwọn ìgbín, wọ́n gba ilé wọn. Wọ́n bọ́ sára iyùn, wọ́n ń já a jẹ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìyẹn tán, wọ́n dọdẹ ẹja níbi tí wọ́n ti ń sinmi lábẹ́ òkúta.

Ọjọ́ kẹwàá ni mo dé. Gíláàsì náà mọ́ débi pé ẹ ò ní mọ̀ pé omi wà nínú rẹ̀. Sìdíkátù tilẹ̀ ń yọ̀, ó ní kí n wo bó ṣe mọ́. Mo wò ó. Akàn nìkan ló ń rìn níbẹ̀. Ọ̀kan ń wọ́ ìrù ẹja aláwọ̀ ọsàn lẹ́yìn ara rẹ̀.

Mo yíjú sí ọ̀gá mi. Ó ti rí gbogbo rẹ̀. Lójoojúmọ́, ní ìwọ̀n apá kan sí ojú rẹ̀, wọ́n ń jẹ ohun tó fẹ́ràn níṣojú ẹ̀, kò sì ní ohùn tó lè fi ké pe ẹnikẹ́ni. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó di ojú rẹ̀. Mo ti gba ìbáwí lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn fún ọdún méje, kò sí èyí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ìyá dé láti Ìnísà, mo dọ̀bálẹ̀ fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ro gbogbo ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: oúnjẹ, ọbẹ̀dò, akàn, ẹnu tí mi ò lè là. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "Ṣé o ti mọ̀ tipẹ́ pé èmi ni?"

"Láti oṣù àkọ́kọ́, Ìyá."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ìyá mi lẹ jẹ́."

Ó jókòó sórí àpótí ìdáná. Ó ní, "Bí mo bá ti mú agolo oúnjẹ ẹja báyìí, ó máa ń yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Lójoojúmọ́. Èmi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ló fẹ́ kí n dá dúró. Oṣù mẹ́ta, Ràímì. Oṣù mẹ́ta ni mo fi rò pé ọkọ mi ò fẹ́ rí ojú mi mọ́."

Ẹ gbà mí o. Ẹni tó mọ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Èmi tí mo lè sọ̀rọ̀, mò ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Inú bí mi sí ara mi débi pé mi ò mọ ibi tí màá fojú sí. Ìyá dìde, ó wọ yàrá lọ, ó fa ìjókòó sún mọ́ ibùsùn, ó ní, "Bàbá Kúburá, Ràímì ti sọ fún mi." Ọ̀gá mi fi ọwọ́ òsì rẹ̀ wá ọwọ́ rẹ̀, ó dì í mú, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo jáde síta.

Mo tún àpótí náà tò, mo fi iyùn àti ẹja tuntun sí i, akàn mẹ́ta péré ló kù níbẹ̀, mo sì fi ìka Ìyá wọn ìwọ̀n oúnjẹ fún un. Kò ṣe àṣejù mọ́. Ọ̀gá mi sì rí ẹja rẹ̀ kedere fún ọdún kan ó lé. Ṣùgbọ́n èmi ni kò rí ìsinmi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé, mi ò ní tíì kí Ìyá tán tí yóò fi ní, "Ràímì, kí lo mọ̀ tí o ò tíì sọ?" Ó sú mi, àbí kí ni! Àgbàlagbà ni mí, mo ní ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n mo ń dá a lóhùn. Mo ní iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ àná. Mo ní kó máa yí Bàbá padà dáadáa kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa bó. Mo ní fóònù tí Kúburá fi ránṣẹ́ kò dára. Ahọ́n mi wúwo nígbà àkọ́kọ́, nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára.

Iṣẹ́ yìí dára, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ kọ́ ọ bí ó bá wù yín. Akàn rọrùn láti rí, Ataa Tetteh ti ní ọmọ tó ń ṣà á báyìí.

Lọ́jọ́ kan, dókítà tó ń wá wo ọ̀gá mi parí iṣẹ́ rẹ̀, mo sìn ín dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ níta. Ó bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní Bàbá kò ní lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ mọ́ láyé, pé òun wo ojú ìyá yẹn, òun ò lè sọ ọ́. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Mo padà wọlé. Ìyá dúró síwájú àpótí, ó ń fi ìka méjì mú oúnjẹ ẹja. Kò yíjú. Ó ní, "Ràímì, kí lo mọ̀?"

Mo gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó jókòó, mo sì sọ fún un.